Orin Márùn-ún Kí A Tó Gé Ìwọ́

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ agbẹ̀bí tó ohun tí ènìyàn lè fi ayé rẹ̀ ṣe, ẹ jókòó, mo ti gbọ́. N kò kàwé lọ títí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìyẹn náà pẹ̀lú ẹkún. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ abúlé kan fún mi láti Ìgèdè títí dé ẹ̀yìn Ado, n ó ka orúkọ àwọn obìnrin tí mo gbẹ̀bí níbẹ̀ fún yín, n ó sì sọ ẹni tí ó di ẹ̀yìn wọn mú. Inú ọ̀fọ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá dúró lójijì níbì kan, ẹ bá mi dúró.

Àbà Ọ̀sán ni mo ti bẹ̀rẹ̀, abúlé kékeré kan tí a ń gba ọ̀nà oko dé láti Ìgèdè-Èkìtì. Nígbà náà a ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ṣọ́jà sì ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn alágbádá. Kò sí iná ìjọba, kò sí omi ẹ̀rọ. Yèyé Àdùkẹ́ ni agbẹ̀bí gbogbo wa. Opó ni, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ó ga, ó gbẹ, kì í sì rẹ́rìn-ín kí ọmọ tó ké. Ìyá mi mú mi lọ bá a. Ohun tí wọ́n jọ sọ nípa owó kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé.

Odidi ọdún kan ni mo lò kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ. Ní àràárọ̀ ni ó ń wo èékánná mi. Bí ó bá rí ìdọ̀tí tó hóró ìyẹ̀fun kan níbẹ̀, orógùn tí ó fi ń ro ọkà ni yóò fi kan egungun ọwọ́ mi. Ó máa ń kó igbá kékeré kan àti ìdajì iṣu sínú àpò aṣọ, á so ó mọ́ inú, á ní kí n di ojú kí n fi ọwọ́ wá ọmọ náà.

"Rúùtù, níbo ni orí wà?"

"Níbí yìí, Yèyé."

"Ìdí nìyẹn! O ti fi ìdí ọmọ ọlọ́mọ ṣe orí. Bí ìwọ ṣe fẹ́ fi fìlà dé e nìyẹn?"

Àwọn tí wọ́n ń kọjá lọ sí odò á máa rẹ́rìn-ín mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa tó oṣù mẹ́rìnlá, bí mo bá gbé ọwọ́ lé ikùn aláboyún, mo ti mọ ibi tí ọmọ kọjú sí. Àwọn dókítà tí mo bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà máa ń bi mí pé ilé ìwé wo ni mo lọ. Àpò aṣọ ni ilé ìwé mi.

Ọdún kejì ni Sístà Wúrà dé. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀dọ́, ọmọ apá Ìbàdàn, ní Adébáyọ̀ ní Ado ni ó ń gbé. Ní ọjọ́bọ̀ ni ó ń wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, lẹ́yìn ọ̀kadà, eruku á ti sọ aṣọ funfun rẹ̀ di pupa. Ó ní agbẹ̀bí nìkan kò lè gba ìyá àti ọmọ là, kí gbogbo obìnrin abúlé kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́. Àwa mọ́kànlá ni a kọ́kọ́ jókòó lábẹ́ igi ọ̀sán. Kọ́ńsítánsì, ìyàwó tíṣà, ni alága, nítorí pé ohùn rẹ̀ ni ó ròkè jù. Òfin wa kò pọ̀. Bí oyún obìnrin bá ti wọ oṣù keje, kò gbọdọ̀ ru igi, kò gbọdọ̀ pọn omi, àwa ni a ó máa ṣe é fún un. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ bá pé ní Ìgèdè, ẹni méjì nínú wa ni yóò bá a rìn. Àwọn ọkùnrin fi wá ṣẹ̀sín. Wọ́n ní àwa tí a kì í bá ìyá ara wa pọnmi ni a wá ń bá aya aláya pọn ọn. À ń pọn ọ́n lọ ní tiwa.

Lọ́jọ́ kan, Sístà Wúrà pe gbogbo agbẹ̀bí agbègbè náà sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìgèdè. Yèyé Àdùkẹ́ ní òun kò lọ.

"Ẹni tí kò tíì bímọ rí ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bí i? Rúùtù, ìwọ lọ. Ohun tí ó bá sọ, gbé e wá fún mi bí ó ṣe rí."

Mo lọ. Sístà Wúrà gbé ìkòkò lé sítóòfù, ó ju abẹ sínú omi, omi hó, ó ń hó lọ bí ogún ìṣẹ́jú. Ó ní àìsàn ipá, èyí tí ó máa ń di ọmọ tuntun lẹ́nu, inú erùpẹ̀ àti ìdọ̀tí ni ó ń gbé, ara abẹ ni ó sì máa ń gbà wọ inú ìwọ́ ọmọ. Ó ní, "Ẹ máa bọ abẹ yín kí ẹ tó fi gé ìwọ́." Ojú mi ni ó ṣe é, mo sì rí i.

Nígbà tí mo padà délé, ẹsẹ̀ ń ro mí, ebi ń pa mí. Yèyé ń bẹ iṣu lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n kọ́ yín?"

"Wọ́n ní ká máa bọ abẹ ká tó fi gé ìwọ́."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ni ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni, Yèyé."

"Háà. Ọmọ yẹn gbọ́n. N kò mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ wọn ní ìyẹn nílé ìwé."

Inú rẹ̀ dùn, inú tèmi náà dùn, mo lọ bu oúnjẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò tíì parí nígbà tí mo dìde yẹn. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, a kì í bọ ohunkóhun lórí iná. A máa ń sè é ni. A ń se iṣu, a ń se ẹyin, a ń se omi. Àwọn ará ọ̀dọ̀ Sístà Wúrà ni wọ́n ń bọ ẹyin, tí wọ́n ń bọ àgbàdo. Ní tiwa, ohun tí ènìyàn bá ń bọ, epo ni ó ń ta sí i, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ sì ni Yèyé. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, ó ń gba ara Olúwa, ṣùgbọ́n owú irin tí bàbá rẹ̀ fi lu ọkọ́ fún gbogbo abúlé ṣì wà lẹ́yìn ilé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.

Mọ́rẹ́níkẹ́ ni ìyàwó Adéwálé, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Yèyé bí. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, a jọ pín àwo jẹun. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ pọnmi fún. Ọjọ́ tí ó bí, n kò sí nílé. Yèyé rán mi lọ sí Fájuyì ní Ado láti ra òwú àti ọṣẹ. Nígbà tí mo dé, ọmọkùnrin ti dé, ó sanra, ó ń ké kíkankíkan. Mo rí abẹ lójú fèrèsé, epo pupa wà lára rẹ̀. Mo rò pé ẹnì kan fi gé nǹkan ọbẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹfà ni ọmọ náà kò lè fa ọmú mọ́. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Bí a bá fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ á le bí igi. A gbé e dé Ìgèdè, wọ́n sa gbogbo agbára wọn. Ọjọ́ keje ni ó lọ. A kò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Ní ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e, Sístà Wúrà wá. Ó kúnlẹ̀ kí Yèyé, ó kí Mọ́rẹ́níkẹ́, ó sunkún díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

"Yèyé, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹ bọ abẹ yẹn?"

"Mo bọ abẹ."

"Ó tó ìgbà wo?"

"Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí."

Sístà Wúrà la ẹnu. "Ogún ìṣẹ́jú ti tó mà, Yèyé!"

"Ta ni ó ń fi ogún ìṣẹ́jú ṣe irú ìyẹn? Mo bọ ọ́ dáadáa."

Ibẹ̀ ni etí mi ti ṣí. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́ síta kí ẹ gbọ́. Bí a bá ní "bọ abẹ", ti orí iná àti ti irúnmọlẹ̀ kò yàtọ̀ létí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ní òun "bọ̀ ọ́", ohùn á wálẹ̀, omi gbígbóná nìyẹn. Yèyé kò jẹ́ kí ohùn wálẹ̀. "Mo bọ ọ́" ni ó wí. Sístà Wúrà gbọ́ ọ, ohùn Èkìtì ni ó pè é, nítorí pé ó ti mọ̀ wá mọ́ ohùn tó yàtọ̀ sí tiwọn. Ó ní bóyá òwú tí a fi so ìwọ́ ni kò mọ́. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé. Lẹ́bàá owú irin, mo rí ibi tí epo dà sí, mo rí ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ nínú erùpẹ̀ níbi tí wọ́n fi abẹ gún ilẹ̀ sí fún odidi àárọ̀. Yèyé kò hùwà ìkà. Ohun tí mo ní wọ́n wí ni ó ṣe, ó tilẹ̀ ṣe é ju bí wọ́n ṣe wí lọ. Kí n tó lọ sí Ìgèdè, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni ó fi ń fọ abẹ rẹ̀.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rù Yèyé, mo bẹ̀rù Adéwálé, mo wá bẹ̀rù ojú Mọ́rẹ́níkẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Àwọn ènìyàn ti ń sọ pé àbíkú ni ọmọ náà, mo sì ń gbọ́ ọ, mo pa ẹnu mọ́. Bí mo ṣe wà nìyẹn títí Mọ́rẹ́níkẹ́ fi tún lóyún, tí oyún náà fi wọ oṣù kẹfà.

Ní ọ̀sán sátidé kan, ẹgbẹ́ jókòó lábẹ́ igi ọ̀sán. Yèyé gbé àpótí rẹ̀ wá. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀.

"Ti ẹ̀ẹ̀kan yẹn, kò tó. Èyí tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni n ó fi bọ abẹ."

Mo kúnlẹ̀.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ ọ́. Kì í ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nìyẹn. Kí ẹ sè é ni ó ní. Kí ẹ sè é bí ẹ ṣe ń se iṣu. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wálé tí n kò sọ ohun tí mo rí. Omi ni ó gbé e sí, Yèyé. Omi tó ń hó."

Yèyé ń wò mí.

"Sè é?"

"Ẹ sè é, Yèyé."

"Láti ìgbà wo ni o ti mọ̀?"

Mo sọ fún un.

Kọ́ńsítánsì ni ó kọ́kọ́ lanu. Ohùn rẹ̀ kò ròkè lọ́jọ́ yẹn. "Èmi náà ti bọ tèmi o, bí Yèyé ṣe kọ́ wa. Mo fi pamọ́ de ìgbà tí n ó bí."

"Èmi náà," ni Ẹ̀bùn, ìyàwó awakọ̀, wí. "N kò ní epo nílé, ọbẹ̀ ilá ni mo dà sí tèmi."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu gbogbo wa. Yèyé dìde, ó wọlé. A rò pé ó ti bínú lọ. Mọ́rẹ́níkẹ́ náà dìde, ó gba ọ̀nà odò lọ láìwo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Yèyé tún jáde, ìkòkò wà lọ́wọ́ kan, abẹ wà lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ dáná," ni ó wí. Ó ju abẹ sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń wò ó. "Ìgbà wo ni yóò jinná?"

Ìbéèrè yẹn le, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní aago nínú wa. Kọ́ńsítánsì ni ó rí ọ̀nà rẹ̀. Ó lọ sí Ado, ó kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì bí Sístà Wúrà ṣe ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò sì sọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe fún un. Orin márùn-ún, láti ẹsẹ kìn-ín-ní títí dé àmín, láìfo ẹsẹ kankan, ó lé díẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú. Òfin wa nìyẹn. Omi gbọ́dọ̀ hó kí a tó dá orin. Àwọn ọkùnrin tún rí ti sọ. Bí a bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ase-abẹ, ṣé ó ti jinná? Ẹ bù díẹ̀ fún wa tọ́ wò." Kọ́ńsítánsì á ní kí wọ́n lọ mú àwo wá.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án Mọ́rẹ́níkẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń pọnmi sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń gbé e wọlé. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó dúró dè mí lódò.

"Rúùtù."

"Mọ́rẹ́."

"Ìwọ ni wàá gé ti èyí. Kì í ṣe Yèyé. Ìwọ."

Ó gbé ọwọ́ mi lé ikùn rẹ̀. Orí ọmọ wà nísàlẹ̀. Mo sọ fún un. Ẹgbẹ́ bá a rìn lọ gba abẹ́rẹ́ ipá lẹ́ẹ̀mejì ní Ìgèdè, èmi wà nínú ìrìn méjèèjì.

Ọjọ́ ọjà ni ó rọbí, òjò ń rọ̀. Nígbà tí omi hó, Kọ́ńsítánsì dá orin. A dé orin kẹta, ọmọ náà kò dúró dè wá mọ́.

"Ẹ kọ ọ́ kíákíá!" ni Mọ́rẹ́níkẹ́ ń ké.

"Ẹ kò gbọdọ̀ sáré kọ ọ́!" ni Yèyé ń dá a lóhùn. "Kò sí ẹsẹ tí ẹ ó fò. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Inú orin kẹrin ni ọmọ jáde, obìnrin ni. Ó ké. Yèyé nù ún, ó tẹ́ ẹ lé àyà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ́ lára, ó da aṣọ bò wọ́n. Obìnrin tí ó fi orógùn lù mí lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé ọwọ́ mi kò yá, òun ni ó dúró ṣinṣin, tí ó ń kọrin, tí omijé ń bọ́. A kọ orin karùn-ún parí. A ṣe àmín. Mo fi ṣíbí yọ abẹ, mo so ìwọ́ níbi méjì, mo gé e.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ wá kù, nítorí pé ọjọ́ kẹfà ni gbogbo wa ń dúró dè. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ń fa ọmú. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ń fà á. Ní ọjọ́ kẹfà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Yèyé ti gbé àpótí síwájú Mọ́rẹ́níkẹ́. Kò jẹun. Bí ọmọ bá gba ọmú, á ní, "Ó fà á." Bí ó bá tún gbà á, á tún ní, "Ó fà á." Àwa tí a wà níta ń gbọ́ ọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹjọ, a sọ ọ́ ní Ìbùkúnolú.

Yèyé wá rán mi lọ sí Adébáyọ̀, ó ní kí n lọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Sístà Wúrà jókòó sílẹ̀.

"Rúùtù, abúlé mélòó ni mo ti sọ ọ́ báyẹn?"

Ó ní kí n máa bá òun lọ. A padà lọ sí gbogbo wọn. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀, òun ń gbé ìkòkò. Báyẹn ni mo ṣe di òṣìṣẹ́. Mo ti lo abẹ ilé, mo lo réṣà inú páálí tí a kì í lò lẹ́ẹ̀mejì, mo lo sísọ́ọ̀sì tí wọ́n ń sè nínú ẹ̀rọ, mo lo ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹgbẹ́ wa di ẹgbẹ́ ní abúlé mìíràn, àti òmíràn. Yèyé Àdùkẹ́ gbé ayé títí ó fi rí mi nínú aṣọ iṣẹ́, ó sì yẹ èékánná mi wò lọ́jọ́ yẹn náà. Ibi tí mo dé, n kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún ènìyàn kí n má fi bí a ṣe ń ṣe é hàn án, kí n sì ní kí ó fi hàn mí padà. Bí ẹ bá lè ṣe ìyẹn láìsú yín, ẹ wá. Iṣẹ́ náà dára. Bí mo bá tún ayé wá, òun ni n ó ṣe.

Oṣù tó kọjá ni a sin Mọ́rẹ́níkẹ́. Ọmọ mẹ́fà ni ó dúró létí ibojì. Alàgbà ìjọ ní kí àkọ́bí bọ́ síwájú wá bu iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Ìbùkúnolú, irun orí rẹ̀ ti ń funfun.

"Èmi kọ́ ni àkọ́bí," ni ó wí. "Èmi ni mo tẹ̀lé e."

Alàgbà rò pé ẹkún ni ó ń sọ̀rọ̀. "Ta wá ni àkọ́bí, ọmọ mi?"

"Ọkùnrin ni, sà. Ọjọ́ méje ni ó lò. Màmá ní kí n máa kà á."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ da ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó tó da tirẹ̀.